Ọ̀gá ní kí wọ́n má fọwọ́ sí i, wọ́n fọwọ́ sí i

Lọ́jọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1939, ìjọba Salazar, ẹni tó ń ṣàkóso Pọtogí láti Lisbon, fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí gbogbo kọ́ńsù Pọtogí, ìyẹn àwọn aṣojú ìjọba tó ń fún èèyàn ní físà káàkiri ayé. Sákúlà 14 lorúkọ ẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ṣòro: àwọn tí ò ní orílẹ̀-èdè kankan tó gbà wọ́n lọ́mọ, àwọn ará Rọ́ṣíà, àwọn Júù tí wọ́n ti lé kúrò nílùú wọn, ẹ má fún wọn ní físà o, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Lisbon, tí Lisbon sì ní ó dáa. Lẹ́tà ọ́fíìsì lásán. Kò séèbú nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n pa ẹnì kankan. Irú ìwé tí akọ̀wé á tẹ̀ láàárọ̀ tá á sì lọ jẹun ọ̀sán ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo mọ̀ nípa lẹ́tà yìí, torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sé ọ̀nà mọ́ àwọn èèyàn títí ikú fi bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí.

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ogun Hitler fún wa, ti ìbọn ni, ti ọkọ̀ òfuurufú ni, ti àwọn ọ̀gá sójà ni. Ti àwọn akọ̀wé ò wọ́pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Júù tó ríbi sá lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sídìí tábìlì, tó ní òǹtẹ̀ àti tàdáwà níwájú, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ìgbàlà, ọ̀gá onítọ̀hún sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ tẹ òǹtẹ̀ yẹn fún irú wọn. Àwọn tó gbọ́ ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣì tẹ̀ ẹ́, àtàwọn tí ò ní òǹtẹ̀ kankan lọ́wọ́ tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ilé wọn ni wọ́n ṣí, àwọn ni mo fẹ́ kọ̀wé nípa wọn lónìí. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ọmọ Nàìjíríà tó bá ti dúró rí níwájú wíńdò ẹ́ńbásì, tó di fáìlì mọ́ àyà, ò nílò kẹ́nikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé ayé èèyàn lè wà lọ́wọ́ ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí. Ṣùgbọ́n àwa, tí wọ́n bá ní rárá, ilé la máa padà sí. Àwọn yìí ò nílé tí wọ́n á padà sí. Lóṣù keje ọdún 1938, orílẹ̀-èdè 32 pàdé ní Évian ní Faransé láti sọ̀rọ̀ nípa ibi táwọn Júù tó ń sá kúrò ní Jámánì lè forí pamọ́ sí, wọ́n káàánú wọn dáadáa lẹ́nu, ìgbà tó wá kan ta ló máa gbà wọ́n, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àyè ò sí lọ́dọ̀ òun, àfi Dominican Republic tó ní òun á gba èèyàn púpọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Jámánì ti ń lu lẹ́tà J sára pásípọ́ọ̀tì gbogbo Júù, lẹ́yìn tóun àti Siwitsaláǹdì ti jọ jókòó dúnàádúrà lórí ẹ̀, kí ọlọ́pàá bódà lè tètè dá wọn mọ̀ kó lé wọn padà. Òǹtẹ̀ kan ti wà nínú ìwé yẹn nìyẹn kó tó dé iwájú kọ́ńsù kankan.

Ní Siwitsaláǹdì yẹn náà, ọ̀gá ọlọ́pàá kan wà ní St. Gallen, nítòsí bódà Austria, Paul Grüninger. Ìjọba ti bódà pa lóṣù kẹjọ 1938, wọ́n ní Júù tó bá wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn, kí wọ́n dá a padà. Kí ni Grüninger ṣe? Ó ń kọ déètì àtijọ́ sínú ìwé wọn, kó lè dà bíi pé wọ́n ti wọlé kí bódà tó tì. Bíírò àti nọ́ńbà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sì là. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1939, wọ́n gbé e dé kóòtù, wọ́n dá a lẹ́bi pé ó yí ìwé ìjọba, ó wá ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké kiri títí tó fi kú ní 1972. Ọdún 1995 ni kóòtù tó padà wá sọ pé kò jẹ̀bi. Ó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún nínú ilẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi nínú gbogbo wọn ni Aristides de Sousa Mendes, kọ́ńsù Pọtogí ní Bordeaux. Kì í ṣe ọmọdé, kì í sì í ṣe ẹni tó ń wá wàhálà. Ó ń sún mọ́ ẹni ọdún 55, ọmọ ilé ire ni, Kátólíìkì tó mú ẹ̀sìn ẹ̀ lọ́kùn-únkúndùn, òun àti Angelina ìyàwó ẹ̀ sì bí ọmọ 14. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́rìnlá, tó jẹ́ pé owó oṣù ìjọba ni wọ́n ń jẹ, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ohun tó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ti bá a wí tẹ́lẹ̀, torí lẹ́yìn tí Sákúlà 14 dé, ó fún àwọn kan ní físà láì dúró de èsì Lisbon. Ó mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun.

Nígbà tó di oṣù kẹfà 1940, Jámánì ti ya wọ Faransé, Paris bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ 14, àìmọye èèyàn sì ń sá lọ sápá gúúsù nínú mọ́tò, lórí kẹ̀kẹ́, lórí ẹsẹ̀ lásán. Bordeaux kún àkúnya. Òjò yẹn kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ lóòótọ́, torí ìdílé ọba Austria tẹ́lẹ̀ ń wá físà, àwọn Rothschild olówó ń wá físà, ẹni tó jẹ́ pé àpò kan péré ló rí gbé kúrò nílé náà ń wá a. Sípéènì ni wọ́n fẹ́ gbà kọjá, Sípéènì ò sì ní jẹ́ kí wọ́n wọlé láì rí físà Pọtogí. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Wọ́n wá rọ́ lọ sí ọ́fíìsì kọ́ńsù Pọtogí tó wà létí odò, wọ́n sùn sórí àga, wọ́n sùn sórí àtẹ̀gùn, wọ́n sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ò sì fẹ́ jáde wá ohun tí wọ́n máa jẹ kí àyè wọn má bàa bọ́.

Láàárín wọn ni rábì kan wà, Chaim Kruger, ará Pólándì, òun, ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn márààrún. Sousa Mendes pàdé ẹ̀, ó mú gbogbo wọn wá sílé ara ẹ̀. Ó bá a béèrè físà lọ́wọ́ Lisbon, Lisbon ní rárá. Ó wá sọ fún rábì pé òun á fún rábì àtìdílé ẹ̀ ní físà bó ti wù kó rí. Ẹ wo èsì tí ọkùnrin yẹn fọ̀, ẹni tó ní ọmọ márùn-ún lẹ́yìn tí sójà Jámánì sì ń bọ̀: ó ní òun ò lè gbà á fún ara òun nìkan kóun wá fi àwọn èèyàn òun tó wà níta sílẹ̀. Mo máa ń dúró síbí yìí pẹ́ tí mo bá ń ronú ìtàn náà. Gbogbo èèyàn ló mọ orúkọ kọ́ńsù, àmọ́ tí Kruger bá ti ní ẹ ṣé sà, tó gba tiẹ̀, tó kó ìyàwó àtọmọ ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa bú u, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Èsì yẹn da Sousa Mendes dùbúlẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún bí ọjọ́ mélòó kan, àwọn ará ilé ẹ̀ gbọ́ tó ń kérora, irun ẹ̀ sì funfun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ 17 ó dìde, ó wẹ̀, ó fá irùngbọ̀n, ó wọṣọ, ó ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó ní láti ìsinsìnyí lọ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ físà lòun máa fún, kò sí pé ọmọ ibo ni ẹ́, kò sí pé ẹ̀sìn wo lò ń ṣe. Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Kruger ń lọ sígboro lọ kó pásípọ́ọ̀tì àwọn èèyàn wá lókìtì lókìtì, àwọn ọmọkùnrin Sousa Mendes ń ràn án lọ́wọ́, José Seabra tó jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ ń tẹ òǹtẹ̀, òun náà ń fọwọ́ sí i. Nígbà tó yá wọn ò gba owó físà mọ́, wọn ò kọ orúkọ sínú ìwé mọ́, orúkọ ọlọ́wọ̀ gbọọrọ yẹn gan-an ó dáwọ́ kíkọ ẹ̀ dúró, "Mendes" nìkan ló ń kọ, kí ọwọ́ lè yá. Ó tẹ Toulouse láago pé kí igbákejì kọ́ńsù ibẹ̀ náà máa fún wọn. Ó wọ mọ́tò lọ sí Bayonne, ibi tí èrò ti pọ̀ bákan náà, igbákejì kọ́ńsù ibẹ̀ ń sọ fún un nípa àṣẹ Lisbon, ó ní òun ṣì ni ọ̀gá ẹ̀, ó jókòó, ó ń fọwọ́ sí i. Ó dé Hendaye létí bódà, ó ń fọwọ́ sí i lójú títì.

Lisbon pè é padà lọ́jọ́ 24 oṣù kẹfà. Aṣojú Pọtogí ní Madrid ti sọ fún Sípéènì pé orí ẹ̀ ti dàrú, kí wọ́n má gba físà ẹ̀ mọ́. Àwọn onítàn ṣì ń jiyàn lórí iye físà tó fún èèyàn lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ṣá, n ò sì rí ìdí tó fi yẹ ká máa jà lórí nọ́ńbà níbi tí ẹnì kan ti ń fọwọ́ sí ìwé lórí títì fún ẹnikẹ́ni tó bá nawọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Kaunas ní Lithuania, oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an. Ọgbọ́n orí àwọn Júù fúnra wọn ló kọ́kọ́ la ọ̀nà níbí, wọ́n sì sábà máa ń fò ó nínú ìtàn, bíi pé ńṣe làwọn èèyàn yẹn jókòó tí ẹnì kan kàn wá gbé wọn. Ìjọba Soviet ti gba Lithuania, wọ́n ti pàṣẹ fáwọn kọ́ńsù pé kí wọ́n palẹ̀ mọ́, àwọn Júù tó sá wá láti Pólándì sì pọ̀ níbẹ̀. Kéèyàn tó lè jáde, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń lọ, ó gbọ́dọ̀ ní físà ibi tó máa gbà kọjá, Soviet náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Obìnrin kan, Pessla Lewin, tó jẹ́ ọmọ Họ́lándì kó tó lọ́kọ, kọ̀wé sí aṣojú Họ́lándì ní Riga, L.P.J. de Decker. Ìyẹn fèsì pé Curaçao àti Suriname, àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Họ́lándì, ò nílò físà, gómìnà ibẹ̀ ló máa pinnu bóyá èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀. Gómìnà ọ̀hún kì í sì í sábà gbà. Obìnrin yìí wá bẹ̀ ẹ́: ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè bá mi kọ apá àkọ́kọ́ sínú pásípọ́ọ̀tì mi, kẹ́ ẹ fi ti gómìnà sílẹ̀? De Decker kọ ọ́.

Gbólóhùn kan tí wọ́n gé nídàajì nìyẹn o. Irọ́ ò sí nínú ẹ̀. Ní Kaunas, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Philips tó ń ta rédíò, Jan Zwartendijk, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe kọ́ńsù Họ́lándì, kò kọ́ iṣẹ́ kọ́ńsù rí. Ìdílé Lewin mú ìwé náà lọ bá a, ó kọ gbólóhùn yẹn bó ṣe wà. Nathan Gutwirth, ọmọ Họ́lándì tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn níbẹ̀, náà wá béèrè, ó ní ṣé àwọn ọ̀rẹ́ òun tí kì í ṣe ọmọ Họ́lándì lè rí i gbà? Zwartendijk ní kí wọ́n máa bọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀, láti ọjọ́ 24 oṣù keje sí ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, ó ti kọ ọ́ fún àwọn tó lé ní 2,200, ó ní kí wọ́n ṣe òǹtẹ̀ ẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ò lè kọ ọ́ mọ́.

Wọ́n wá gbé e lọ sọ́dọ̀ kọ́ńsù Japan, Chiune Sugihara, pé kó fún àwọn ní físà ìkọjá. Sugihara fi wáyà ránṣẹ́ sí Tokyo léraléra, Tokyo ní ẹni tí ò bá lówó lọ́wọ́ tí ò sì ní físà tó dájú síbi tó ń lọ, kó má fún un. Èèyàn kún iwájú géètì ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ọwọ́ ló sì fi ń kọ ọ́, lẹ́tà Japan gígùn yẹn, láàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Tó bá di alẹ́, Yukiko ìyàwó ẹ̀ á máa fọwọ́ ra ọwọ́ ẹ̀ tó ti le gbagidi. Orúkọ tó wà nínú ìwé tó fi ṣe àkọsílẹ̀ lé ní 2,100, ìdílé odindi sì lè wà lórí físà kan. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú irin ẹ̀ fẹ́ gbéra, níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ó ṣì ń kọ ọ́ ní pèpéle, ó sì ń nawọ́ ẹ̀ sí wọn láti ojú wíńdò.

Wọ́n gba Moscow, wọ́n gba Siberia dé Vladivostok, wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí Tsuruga ní Japan, wọ́n dé Kobe, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti dé Shanghai. Iléèwé Mir, iléèwé ẹ̀sìn àwọn Júù, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bọ́ síbẹ̀ tọ́wọ́tẹsẹ̀. Curaçao? Bóyá la fi rí ẹni tó fẹ́ lọ síbẹ̀ nínú wọn. Lóṣù kẹfà 1941 Jámánì wọ Lithuania, nínú Júù mẹ́wàá tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, wọ́n pa tó mẹ́sàn-án kí ogun tó parí. Bí ẹ bá ka ìyẹn tán, ẹ padà wo gbólóhùn tí Pessla Lewin ní kí wọ́n gé.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bíi pé àwọn tó di ipò mú nìkan ló ṣe é. Giorgio Perlasca ò di ipò kankan mú. Ará Ítálì tó ń ra ẹran ni, òwò ẹran ló gbé e dé Budapest. Nígbà èwe ẹ̀ ọmọlẹ́yìn Mussolini tó ń ṣàkóso Ítálì ni, ó tiẹ̀ lọ jagun fún Franco, ọ̀gágun tó padà gba ìjọba Sípéènì, èmi ò sì ní fi ìyẹn pamọ́ torí pé mo fẹ́ràn ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ìwé tí Franco fún un torí ogun yẹn ló mú kí ẹ́ńbásì Sípéènì ní Budapest fún un ní pásípọ́ọ̀tì nígbà tí Jámánì ń kó àwọn ará Ítálì. Ángel Sanz Briz tó jẹ́ aṣojú Sípéènì ti ń kó àwọn Júù sínú àwọn ilé tí wọ́n gbé àsíá Sípéènì kọ́ sí. Níparí oṣù kọkànlá 1944, ó fi Budapest sílẹ̀. Bó ṣe lọ báyìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Arrow Cross, àwọn Násì ilẹ̀ Hungary, dé láti wá kó àwọn tó wà nínú àwọn ilé náà.

Perlasca pariwo pé kí wọ́n dúró. Ó ní Sanz Briz ò sá lọ o, Siwitsaláǹdì ló lọ kó lè rọrùn fún un láti bá Madrid sọ̀rọ̀, òun ló sì fi dípò ara ẹ̀. Irọ́ gbuu. Lọ́jọ́ kejì ó mú bébà tí orúkọ ẹ́ńbásì wà lórí ẹ̀, ó kọ lẹ́tà tó fi yan ara ẹ̀ sípò, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó gbé e lọ fún ìjọba Hungary. Wọ́n gbà á! Láti ìgbà yẹn títí Rọ́ṣíà fi wọ ìlú lóṣù kìíní 1945, ontájà ẹran yìí ni Sípéènì ní Budapest. Ó ń wá oúnjẹ fún àwọn tó wà nínú àwọn ilé yẹn, ó ń kọ ìwé ààbò, ó ń sáré lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ gba àwọn tí wọ́n ti kó. Òfin tó fi ń dẹ́rù ba àwọn Arrow Cross àti ìjọba Hungary ni òfin Sípéènì ti 1924 tó ní àwọn Júù tó ṣẹ̀ wá láti Sípéènì lè di ọmọ ilẹ̀ náà, òfin tí àkókò ẹ̀ ti kọjá lọ tipẹ́, àwọn yẹn ò sì mọ̀. Àwọn tó là lábẹ́ ẹ̀ lé ní 5,000. Ó padà sí Ítálì, ó ń gbé ayé ẹ̀ jẹ́ẹ́, títí àwọn obìnrin Júù láti Hungary fi wá a kàn níparí àwọn ọdún 1980.

Nílùú yẹn náà ni Carl Lutz, igbákejì kọ́ńsù Siwitsaláǹdì, wà. Wọ́n gbà fún un pé kó dáàbò bo Júù 8,000, ó ní ìdílé 8,000 ni wọ́n sọ, kì í ṣe orí 8,000. Raoul Wallenberg, aṣojú Sweden, náà wà níbẹ̀, òun tí àwọn Rọ́ṣíà mú lọ lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní 1945 tí kò sì padà wálé mọ́. Ọ̀rọ̀ Wallenberg ti wọ́pọ̀ lẹ́nu ayé, ẹ jẹ́ n fi í síbẹ̀.

Ní Le Chambon-sur-Lignon, lórí òkè kan ní Faransé, abúlé lódindi ló wọ̀ ọ́. Onígbàgbọ́ Pùròtẹ́sítáǹtì ni wọ́n, ìjọba Faransé ayé àtijọ́ ti ṣe inúnibíni sí àwọn baba ńlá wọn, kò sì tíì kúrò lọ́kàn wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà òtútù, obìnrin Júù kan láti Jámánì kan ilẹ̀kùn Magda Trocmé, ìyàwó pásítọ̀, ó ń gbọ̀n, ó béèrè bóyá òun lè wọlé. Magda ní kó wọlé. Ó lọ bá olórí ìlú láti bá a wá ìwé, olórí ìlú lé e, ó ní kó kó obìnrin náà kúrò nílùú. Látìgbà náà wọn ò béèrè lọ́wọ́ olórí ìlú mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló gba orí òkè yẹn kọjá, lóko àwọn àgbẹ̀, láwọn iléèwé, nínú ilé àwọn opó tó ń gba ayálégbé. Oscar Rosowsky, ọ̀dọ́mọkùnrin Júù tí ò tíì pé ogún ọdún, ló ń ṣe káàdì ìdánimọ̀ ayédèrú fún wọn. Nígbà tí wọ́n ní kí pásítọ̀ André Trocmé mú orúkọ àwọn Júù wá, ó ní òun ò mọ Júù, èèyàn lòun mọ̀. Wọ́n mú Daniel Trocmé, ìbátan ẹ̀, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tọ́jú, ó sì kú sí Majdanek, ibùdó ìpànìyàn àwọn Násì ní Pólándì, lọ́dún 1944.

Ti Denmark yàtọ̀, torí ará Jámánì ló tú àṣírí. Georg Ferdinand Duckwitz, òṣìṣẹ́ ẹ́ńbásì Jámánì ní Copenhagen, ọmọ ẹgbẹ́ Násì, gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó gbogbo Júù lóru ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1943. Ó lọ sọ fún àwọn olóṣèlú Denmark. Lọ́jọ́ kejì tó sọ fún wọn, rábì Marcus Melchior dúró nínú sínágọ́gù, ó ní kò sí ìsìn lónìí, ẹ lọ fara pamọ́, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá mọ̀. Àwọn dókítà kó wọn sí ọsibítù pẹ̀lú orúkọ mìíràn, àwọn apẹja fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn sọdá sí Sweden, bíi Júù 7,200 ló débẹ̀. Àwọn apẹja gba owó, owó gọbọi làwọn kan nínú wọn sì gbà, àwọn èèyàn ń dáwó fún ẹni tí ò ní. Mo ti rí àwọn tó fi ìyẹn bu iṣẹ́ náà kù. Èmi ò bá wọn bu ú kù. Ọkọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí apẹja ní, tí Jámánì bá mú un, ọkọ̀ lọ, òun náà lọ.

Mi ò lè kọ èyí kí n má dárúkọ Luis Martins de Souza Dantas, àḿbásádọ̀ Brazil ní Faransé. Ìjọba Vargas, ààrẹ Brazil, ti fi sákúlà ìkọ̀kọ̀ sọ pé àwọn ò fẹ́ Júù, kì í tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ àḿbásádọ̀ láti máa fún èèyàn ní físà. Ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fòfin dè é pátápátá, ó ń kọ déètì àtijọ́ sí i, bíi ti Grüninger. Zbigniew Ziembinski tó padà di ìlú mọ̀ọ́ká nínú tíátà Brazil gba físà lọ́wọ́ ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbà á ló tètè dé: ọkọ̀ ojú omi Alsina tó gbéra ní Marseille lóṣù kìíní 1941, Dakar ni wọ́n dá a dúró sí fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú oòrùn, físà àwọn tó wà nínú ẹ̀ sì ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n tó dá wọn padà sí Casablanca. Brazil gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí Souza Dantas. Ọjọ́ orí ẹ̀ tó ti kọjá ti ẹnu iṣẹ́ ló yọ ọ́.

Sousa Mendes ò rí ohun tó yọ ọ́. Salazar ní kó lọ jókòó sílé fún ọdún kan pẹ̀lú ìdajì owó oṣù, kó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn náà. Kò ríṣẹ́ mọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀ ò rí ọ̀nà láti ríṣẹ́ gidi ní Pọtogí, wọ́n fọ́n káàkiri ayé, méjì nínú wọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà wọ iṣẹ́ sójà Amẹ́ríkà. Ilé ńlá tó jogún ní Cabanas de Viriato, gbèsè kó o lọ. Ilé oúnjẹ tí àwọn Júù dá sílẹ̀ ní Lisbon fáwọn asásàálà ni òun àtìdílé ẹ̀ ti ń jẹun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́ tí wọ́n ń sọ èdè Pọtogí, ó ní ibí yìí, ti àwọn asásàálà ni. Sousa Mendes ní asásàálà làwọn náà. Ní gbogbo àsìkò yìí, Pọtogí ń gba oríyìn lágbàáyé pé àwọn gba àwọn asásàálà tọwọ́tẹsẹ̀, físà tó tẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń gba oríyìn náà! Angelina kú lọ́dún 1948. Òun náà kú lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin 1954, nínú ọsibítù àwọn Franciscan, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn Kátólíìkì kan.

Bí a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Yad Vashem, ilé ìrántí àwọn Júù tí àwọn Násì pa, ní Jerúsálẹ́mù, bọlá fún un ní 1966, ilé aṣòfin Pọtogí tún orúkọ ẹ̀ ṣe ní 1988, wọ́n gbé òkúta ìrántí ẹ̀ sí Pantheon, ibi tí Pọtogí ti ń bọlá fún àwọn èèyàn ńlá ẹ̀, ní Lisbon ní 2021. Inú mi dùn sí i, inú sì ń bí mi sí i. Àwọn ọmọ ẹ̀ ló jà fún un, lẹ́tà lórí lẹ́tà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó jí lójú oorun tó ṣe é fún wọn.

Gbogbo àwọn tí Yad Vashem ti bọlá fún báyìí lé ní 28,000. Júù tí wọ́n pa jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà. Ọ̀kan nínú 28,000 yẹn ni ọmọ Áfíríkà kan, Mohamed Helmy, dókítà ará Íjíbítì tí wọ́n bí sí Khartoum, tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Berlin láti 1922. Òun náà ò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ kankan: àwọn Násì lé e kúrò ní ọsibítù torí àwọ̀ àti ìran ẹ̀, wọ́n jẹ́ kó yé e pé kò lè fẹ́ ọmọbìnrin Jámánì tó ń fẹ́, wọ́n tì í mọ́lé. Ẹni tí wọ́n ń dọdẹ òun fúnra ẹ̀ ló gbé Anna Boros, ọmọbìnrin Júù, pamọ́ láti 1942 títí ogun fi parí. Ó ní ìbátan òun ni. Ó gba ìwé fún un pé ó ti di Mùsùlùmí, ó tún gbìyànjú láti ṣe ìwé ìgbéyàwó fún un pẹ̀lú ará Íjíbítì kan, kí ìjọba lè yọwọ́ lọ́rọ̀ ẹ̀. Nígbà tí ibì kan bá gbóná, ó máa gbé e lọ síbòmíì. Frieda Szturmann, obìnrin Jámánì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀, gbé ìyá ìyá Anna pamọ́ sílé tiẹ̀, ó sì ń pín oúnjẹ tí wọ́n ń wọ̀n fún un pẹ̀lú ìyá àgbà yẹn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là á já. Anna kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó kọ̀wé sí ìjọba Berlin, ó sọ ohun tí Helmy àti Szturmann ṣe fún wọn, ó sì ń padà wá kí dókítà náà ní Berlin, ó mú ọmọ ẹ̀ dání.